Ọkùnrin Tí Ara Rẹ̀ Máa Ń Yá Lójú Àlejò

Ọkùnrin kan wà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bi í ní ìbéèrè kan, tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò sì rí ìdáhùn sí i. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọ náà, Ìbídùn ni orúkọ rẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga gígùn tí bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀ lé, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Bàámi, ẹ̀yìn ń dùn yín. Kí ló dé tí ẹ sọ fún àwọn àlejò pé kò dùn yín?"

Ìyá rẹ̀ ń bẹ iṣu lọ́wọ́. Ọ̀bẹ dúró sójú kan. Ìyá àgbà, tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá níwájú òun láìdá sí i, bẹ̀rẹ̀ sí í wá gíláàsì rẹ̀ kiri, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ náà ló wà. Bàbá fúnra rẹ̀ gbójú sókè, ó ń wo àjà. Ọmọ náà dúró títí. Nígbà tó yá, ó bá tirẹ̀ lọ.

Jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ọ, ọmọ mi. Fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Kò gùn.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe fóòmù ìbùsùn ni ọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún mọ́kànlá ló ti lò níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa to fóòmù jọ nínú ilé ìkẹ́rùsí, kí ó tò wọ́n lórí ara wọn títí wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Ní ọjọ́ Ajé kan, ó wà lórí àkàbà, ó ru fóòmù ńlá kan, ẹsẹ̀ àkàbà yọ̀, ọkùnrin náà sì já bọ́. Fóòmù wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Fóòmù wà lọ́wọ́ òsì. Sìmẹ́ńtì tó wà láàárín méjèèjì ló bọ́ sí, ẹ̀yìn ló sì fi balẹ̀.

Àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó ń mí, tí ojú rẹ̀ sì là, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n.

"Bàbá Ìbídùn! Gbogbo fóòmù inú ilé yìí, ẹ ò rí èyí tó wù yín, àfi sìmẹ́ńtì?"

"Fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ yìí le ni."

Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi lé ròrò sí i lójú. Wọ́n gbé e dìde. Fóòmàn wọn, ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ wọn, dé, ó mú ìwé tí wọ́n máa ń kọ ìjàǹbá sí dání. Ó ní, "Ṣé kí n kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Ẹ fi sílẹ̀, fóòmàn. Kò sí nǹkan kan. Mo kàn jókòó ni."

"Ìjókòó yìí mà dún o," ni fóòmàn wí. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Má ṣe rò pé òpùrọ́ ni ọkùnrin náà. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, bí a sì ṣe tọ́ ìwọ náà nìyẹn. Bí ènìyàn bá kí i pé báwo ni ara, ẹnu rẹ̀ yóò ti dáhùn kí ara náà tó gbọ́ ìbéèrè: a dúpẹ́, ara ti yá. Ó gbà pé bí òun bá ń sọ ọ́ léraléra, ara yóò gbọ́, ojú yóò sì tì í láti máa ṣàìsàn. Yàtọ̀ sí èyí, kò fẹ́ kí àlejò tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá kí òun tún gbé ìbànújẹ́ lọ sílé. Ìwà dáadáa ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nínú ènìyàn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó fi ìrora lọ síbi iṣẹ́, ó fi ìrora bọ̀. Nígbà tí ó di Ọjọ́rú, kò lè dìde. Ìyàwó rẹ̀ se omi gbígbóná, ó ń fi aṣọ jó o lẹ́yìn, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí i. Bí ọwọ́ bá ti kan ilẹ̀kùn, ara ọkùnrin náà á yá. Á jókòó dáadáa, á fa ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀, á máa bèèrè àlàáfíà ilé ẹni tó wá kí i. Bí ilẹ̀kùn bá ti padé, á tún fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, á sì máa kérora kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, àlejò wá láti ibi iṣẹ́. Fóòmàn ni, pẹ̀lú akọ̀wé ilé iṣẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, tí ìkọ̀wé rẹ̀ sì máa ń dúró ṣánṣán bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Wọ́n mú ọsàn dání nínú ọ̀rá.

Akọ̀wé ní, "Ọ̀gá ló ní ká wá kí yín. Wọ́n gbọ́ pé ẹ ṣubú. Báwo ni ara?"

"A dúpẹ́. Ara ti yá."

"Ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Ó ti lọ sílẹ̀."

"Kò wá dùn yín mọ́?"

"Kí ló fẹ́ dùn mí? Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí wọ́n bu omi tútù fún yín."

Láti ìdí ààrò, ìyàwó rẹ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkùnrin náà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Nígbà tí àwọn àlejò dìde láti máa lọ, ó dìde pẹ̀lú wọn. Láti ọjọ́ tó ti ní ilé tirẹ̀, kò tíì sí àlejò tó jáde níbẹ̀ tí kò sìn ín. Wọ́n ní kó má ṣe ìyọnu. Ó ní kí ni ìyọnu níbẹ̀. Ó sìn wọ́n dé ojú títì. Ó ń bèèrè àwọn ọmọ fóòmàn lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń lọ, ó sì juwọ́ sí wọn títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀. Akọ̀wé bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì wo bó ṣe ń rìn.

Bí wọ́n ti yà tán, ọkùnrin náà gbá òpó iná tó wà lẹ́bàá títì mọ́ra, kò sì lè fi í sílẹ̀ mọ́. Bàbá onítáyà, aládùúgbò rẹ̀, ló bá a níbẹ̀.

"Ẹ̀yin àti òpó iná, ọ̀rọ̀ wo lẹ jọ ń sọ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ìyàwó mi."

Bàbá onítáyà kò pe ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n bí ọmọ ọwọ́, ó gbé e wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Ìbídùn bèèrè ohun tó bèèrè.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n ní sùúrù, pé ìrora náà yóò lọ fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, ìyàwó rẹ̀ kò bi í léèrè mọ́. Ó pe ọkọ̀, ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà ní, "Láti ìgbà wo ló ti ń dùn yín?"

"Kò pẹ́, dókítà."

"Ọjọ́ kọkàndínlógún rèé, dókítà," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ọjọ́ Ajé ni, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Orí àkàbà ló ti já bọ́ níbi iṣẹ́."

Dókítà kọ èyí tí ìyàwó sọ. Wọ́n ya fọ́tò egungun rẹ̀, wọ́n sì rí i pé eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kan ti sán. Dókítà ní ó nílò ìtọ́jú tí kì í ṣe ọjọ́ kan, kò sì gbọdọ̀ gbé ẹrù fún oṣù mẹ́sàn-án.

Òfin kan wà tó ń ṣètọ́jú òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ọkùnrin náà kọ̀wé láti bèèrè ohun tó tọ́ sí i lábẹ́ òfin náà. Èsì tí ilé iṣẹ́ fi ránṣẹ́ kò ju ojú ìwé kan lọ. Wọ́n ní orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìjàǹbá. Wọ́n ní kò fi tó àwọn létí láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Wọ́n ní ní ọjọ́ karùn-ún, òun fúnra rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ara òun ti yá, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ojú títì. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn ún báyìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilé ló ti ṣubú.

Bí ọ̀rọ̀ bá dúró síbẹ̀, ìtọ́jú kò ní sí. Ẹ̀yìn náà yóò sì wà bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún yóò di ẹni tí wọ́n ń gbé dìde láàárọ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n pe tọ̀tún tòsì sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan ló jókòó nídìí tábìlì, kò dàgbà ju àbúrò ọkùnrin náà lọ. Akọ̀wé ilé iṣẹ́ wà níbẹ̀, ó gbé ìwé rẹ̀ lé orúnkún. Ọkùnrin náà jókòó sí òdì kejì pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀.

Obìnrin náà ní, "Bàbá, nǹkan méjì ni òfin ń bèèrè lọ́wọ́ yín: àsìkò àti ẹ̀rí. Ọdún kan lẹ ní láti fi kọ̀wé sí wa. Oṣù kẹta rèé, ẹ wà nínú àsìkò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ ní láti jẹ́ kí ọ̀gá yín mọ̀. Ta lẹ sọ fún?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, màá. Mo rò pé yóò lọ ni."

"Ó dáa. Òfin tún fi àyè kan sílẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ bá ti mọ̀ ọ́n fúnra wọn nígbà náà, a lè gbà á. Ṣé ẹ ní ohun tó fi hàn pé wọ́n mọ̀?"

Kò ní. Fóòmàn rí i lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló ní kó má kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà náà ni ìyàwó rẹ̀ fa ìwé kan yọ láti inú báàgì rẹ̀, irú ìwé tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń lò, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya.

"Kí nìyí?"

"Ìwé àwọn tó wá kí wa ni, màá. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ Ìbídùn lórúkọ ni mo ti ń kọ ọ́. Ẹni tó bá wá kí mi, èmi náà gbọ́dọ̀ lọ kí i nígbà tó bá yí kàn án. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo gbàgbé òun."

Obìnrin náà ṣí i, ó sì ń kà á sókè. "Ọjọ́rú: àwọn méjì tó gbé e nílẹ̀ níbi iṣẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yí ojú ìwé. "Ẹtì: fóòmàn àti akọ̀wé. Ọ̀gá wọn ló rán wọn nítorí ìṣubú. Ọsàn mẹ́jọ, méjì ti bàjẹ́. Wọ́n lọ tán, bàbá onítáyà pọ̀n ọ́n wọlé."

Akọ̀wé dìde dúró. "Ọsàn wo ló bàjẹ́? Irọ́ ni, màá! Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló dáa. Èmi fúnra mi ni mo ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ẹ kú iṣẹ́," ni obìnrin náà wí. "Kí lẹ ṣà wọ́n fún?"

"Láti fi kí wọn ni."

"Ẹ lọ kí wọn nítorí kí ni?"

Akọ̀wé rọra jókòó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ohun tí ẹ kọ sínú ìwé tiyín lọ́jọ́ náà fún mi."

Ó kà á, nítorí pé ó ti kọ ọ́, ìkọ̀wé rẹ̀ sì hàn kedere. "Ẹtì. A lọ kí òṣìṣẹ́ wa tó já bọ́ lórí àkàbà ní ọjọ́ Ajé. Ó ní ara òun ti yá. Ó sìn wá dé ojú títì."

Obìnrin náà ní, "Ìwé yín ló sọ pé ẹ mọ̀. Ọjọ́ karùn-ún nìyẹn." Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé gègé sókè. "Ṣùgbọ́n ìwé kan náà sọ pé ara wọn ti yá. Mo ti rí ìwé dókítà. Ó ku kí n gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tó ni ẹ̀yìn." Ó yíjú sí ọkùnrin náà. "Bàbá, báwo ni ara?"

"A dú—"

Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ọkùnrin náà gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó wo akọ̀wé, tó jẹ́ pé àlejò rẹ̀ ni nígbà kan. Ohùn rẹ̀ kéré nígbà tó sọ ọ́.

"Ara mi ò yá, màá. Ẹ̀yìn ń dùn mí láàárọ̀, ó ń dùn mí lálẹ́. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, mi ò lè nàró. Ọmọ mi ní kí n gbé òun sọ́rùn, mo ní ó ti dàgbà jù. Kò tíì dàgbà jù. Mi ò lè gbé e ni."

Ó dúró, ó ń retí pé kí nǹkan burúkú kan ṣẹlẹ̀ nítorí ohun tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Gègé obìnrin náà nìkan ló ń dún lórí ìwé.

"Ẹ máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀," ló wí. "Mò ń kọ ọ́."

Nígbà tí ẹnu ọkùnrin náà ti ṣí, kò fẹ́ pa dé mọ́. Ó sọ ti apá, ó sọ ti itan, ó sọ bó ṣe gbá òpó iná mọ́ra. Akọ̀wé gbàgbé ẹgbẹ́ tó wà, ó ní, "Háà, ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èmi tí mo rò pé ẹ̀ ń rìn bí sójà." Àwọn méjì tó gbé e nílẹ̀ náà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n sọ ohun tí ojú wọn rí, wọ́n sì tún ẹ̀rín wọn rín lójú ìjọba. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìwé jáde pé kí wọ́n tọ́jú ọkùnrin náà, kí owó oúnjẹ sì máa wọlé títí ara yóò fi le.

Wọ́n tọ́jú rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, bó bá yí ẹ̀gbẹ́ lóru, á kérora. Ìyàwó rẹ̀ á jí, ìyá àgbà á jí, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà sókè, àdúrà náà á sì jí Ìbídùn. Ilé náà kò sùn dáadáa fún oṣù púpọ̀. Alẹ́ kan dé tí ọkùnrin náà yí ẹ̀gbẹ́ tí kò sì kérora. Ìyàwó rẹ̀ dúró, ó ń tẹ́tí. Ó gbọ́ tí ó ń hanrun. Ó gbọ́ tí ìyá àgbà ń hanrun ní yàrá kejì. Kí ó tó gbọ́ ti Ìbídùn, òun náà ti sùn lọ.

Orí bá ọkùnrin náà ṣe é, ọmọ mi. Ká ní akọ̀wé yẹn kò fẹ́ràn àtikọ nǹkan sílẹ̀ ńkọ́? Ká ní ìyàwó rẹ̀ kì í ka àwọn tó wá kí i sí? Ọ̀tọ̀ ni bí ọ̀rọ̀ náà ì bá ṣe rí, mo sì mọ àwọn tó rí bẹ́ẹ̀ fún.

Ìwọ ni mo ń bá wí. Ìyàwó rẹ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ̀rọ tí ẹ fi ń di bisikíìtì gbá ọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, pé ìka rẹ méjì kò ṣeé ká. Mo pè ọ́ lórí fóònù. O ní, "A dúpẹ́, Màámi, ó ti ń jinná." O tilẹ̀ bèèrè bí ẹsẹ̀ mi ṣe ń ṣe sí. Mo ti ka ọjọ́ náà, mo tún un kà. Ọjọ́ kẹjọ ni òní. Ọjọ́ mẹ́fà péré ló kù fún ọ.

Ní òwúrọ̀ ọ̀la, kó o tó fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan, kọ ọ́ sínú ìwé méjì: ọjọ́ wo, aago mélòó, ẹ̀rọ wo, ta ló dúró tì ọ́. Fún ọ̀gá rẹ ní ọ̀kan, kí ó buwọ́ lu èkejì fún ọ, kí ó kọ déètì sí i. Má ṣe tijú. Kì í ṣe pé ò ń bá a jà. Lẹ́yìn náà, lọ sí ilé ìwòsàn, bí dókítà bá sì ní láti ìgbà wo, má sọ fún un pé kò pẹ́. Sọ ọjọ́. Jẹ́ kí ìyàwó rẹ bá ọ lọ, nítorí mo mọ ẹni tí mo bí.

Àwọn tó bá wá kí ọ nílé, sọ fún wọn pé ara ti yá, kí o sì sìn wọ́n dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ bá gbé ọ dé. Mi ò ní kó o yí ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n ìwé àti dókítà kì í ṣe àlejò. Èmi náà kì í ṣe àlejò. Màá pè ọ́ lọ́la ní ìrọ̀lẹ́, màá sì bi ọ́ pé báwo ni ọwọ́. Bó bá ń dùn ọ́, kó o sọ fún mi pé ó ń dùn ọ́.